Ọgbọ̀n Ọdún Láṣebìkan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ayé lọjà, ọ̀run nilé? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí bí alángbá yẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Láṣebìkan ará Ìpàró ni.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló lò láyé. Síbẹ̀, nígbà tó kú tó dé ẹnu ibodè ọ̀run, ó ní wọ́n ti tètè pe òun jù. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jiyàn níbẹ̀.

"Ilé mi ò lè dúró láìsí mi. Ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ọdún sí i."

Oníbodè ní, "Ọdún kì í hù nílẹ̀ o. Ara ọmọ tuntun ilé rẹ la ti máa gé e."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni? Ẹ gé e!"

Bó ṣe padà sílé nìyẹn. Ló bá rí i pé ilé ti di ọjà. Ata wà lórí àga rẹ̀, gaàrí kún yàrá rẹ̀. Obìnrin kan tì í: "Bàbá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà bí ẹ ò bá rajà!"

Ó pariwo: "Èmi Láṣebìkan ni! Mo ti padà dé!"

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀. "Ọkọ mi ti dé ṣáájú yín. Babátúndé la sọ ọ́, òun ló wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn. Eléyìí tiẹ̀ máa ń dákẹ́ tó bá ti yó. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Inú bí bàbá. "Ọmọ tí mo gé ọgbọ̀n ọdún lára rẹ̀ ló wá gba ilé mi?"

Àwọn ọlọ́jà yíjú sí i.

Ìyá ọmọ ní, "Ọgbọ̀n kí ni?" Ó gbé kóńgò gaàrí. "Olè! Olè ọdún!" Gbogbo ọjà dìde pẹ̀lú kóńgò, wọ́n ń lù ú, ó ń sá, títí tó fi forí sọ ilẹ̀kùn Oníbodè.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ọjà."

"Kí lo rà?"

"Wọn ò tà fún mi. Ẹ dá ọdún ọlọ́dún padà fún ọmọ náà."

"Níbo lò ń lọ báyìí?"

"Ilé! Ẹ ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń bọ̀!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ ò kúkú lè máa sọ níta pé kóńgò ni wọ́n fi lé bàbá àwọn wọ ọ̀run. Wọ́n bá fa ojú ro, wọ́n rọra ní: ayé lọjà, ọ̀run nilé.