Odò Tí Kò Sí Nínú Máàpù Mi

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi (ìyàwó mi, jọ̀ọ́, má ka ibí yìí), ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé máàpù lọ sí Arimọgija kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú máàpù ní ilé ìkàwé yunifásítì kan ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kó wọn jọ: èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù ní ọ́fíìsì, èyí tí eku ti jẹ létí, kódà èyí tí bàbá kan ti fi di ìwé ọmọ rẹ̀. Mo ń nù wọ́n, mo ń tẹ́ wọn sínú àpótí gbọọrọ kí wọ́n má baà ká. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń wá wò wọ́n.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, wá pè mí. Ó ní bí oṣù náà bá parí tí n kò lè fi hàn pé máàpù mi wúlò fún ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà ni wọn yóò kó sínú yàrá náà. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ifọ́n fún mi ní máàpù àtijọ́ kan tó fi àwọn oko agbègbè Arimọgija hàn. Mo ní tí mo bá fẹsẹ̀ rin ibẹ̀, tí mo sì rí i pé kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ọ̀gá kò ní rí nǹkan kan sọ. Mo ká a sínú páìpù omi gígùn, mo gun ọ̀kadà, ó di Arimọgija.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ tán, obìnrin méjì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n rò pé èmi ni mo fẹ́ wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìwé ló wà nínú páìpù, ojú wọn yí padà. N kò fura. Mo lọ tẹ́ máàpù mi sílẹ̀ létí oko kòkó kan, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àjèjì tó tẹ́ ìwé sílẹ̀ létí oko olóko tó ń nawọ́, kí lẹ máa rò? Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi yí mi ká pẹ̀lú àdá. Èdè ìlú wọn ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, èmi ọmọ Ọ̀wọ̀ tó wà nítòsí kò sì gbọ́ ju “gọ́fúmẹ́ǹtì” lọ.

Màmá àgbàlagbà kan tó ni oko náà fi Yorùbá bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní ilé ìkàwé ni. Ó ní kí ni ilé ìkàwé fẹ́ fi oko kòkó ṣe? Mo ṣàlàyé títí òógùn fi bò mí. Níkẹyìn, ó lóṣòó ti máàpù náà, ó ní kí n fi odò ẹ̀yìn oko òun han òun. Mo wá a, n kò rí i. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì, àmọ́ ìgbéraga kò jẹ́.

“Màmá, máàpù yìí kì í parọ́,” mo wí. “Kò sí odò níbẹ̀.”

“Ó dáa,” ó ní. “Máa lọ níwájú.”

Mo lọ níwájú. Mo gbé máàpù bí ẹni tó ń gbé àgbélébùú ṣáájú akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wẹ̀yìn, mo ń ṣàlàyé, títí ilẹ̀ fi yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Odò tí kò sí mù mí dé ìgbáròkó. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà ni pé mo na máàpù sókè, omi kò kàn án rárá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá ló fà mí jáde, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé ẹni tó wá gba ilẹ̀ kò ní ṣìkẹ́ ìwé ju ara rẹ̀ lọ.

Wọ́n fún mi ní ìró, mo ró o. Wọ́n fún mi ní iṣu sísun, mo jẹ ẹ́, mo sì ròyìn ohun tí ọ̀gá wa sọ nípa yàrá mi fún wọn. A kì í kọ nǹkan sára máàpù àtijọ́, nítorí náà mo tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé rí ìdí rẹ̀ lé e lórí, mo mú pẹ́ńsùlù. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ: odò màmá, ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ifọ́n, abúlé tó ti tú, igi ìrókò tí oko mẹ́ta fi pààlà. Wọ́n bá ara wọn jiyàn, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Oṣù kò tíì parí tí màmá fi dé ilé ìkàwé wa pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn wá wò ó bóyá odò àwọn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún un. Màmá wọ dígí ojú rẹ̀, ó sì fi ìka tọ odò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọ̀gá. “Wọ́n ní ẹ fẹ́ kó kọ̀ǹpútà sínú yàrá yìí?”

“Rárá o, mà,” ni ọ̀gá dáhùn. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Bí yàrá mi ṣe di tèmi padà nìyẹn. Àwọn ará Ẹmùrè-Ilé pàápàá ti ránṣẹ́ pé kí n wá wo odò àti ọ̀nà tiwọn. Nísinsìnyí, mo máa ń kí onílé kí n tó tú ìwé, mo sì máa ń gba ohun tó bá sọ gbọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé kí ló jẹ́ kó dá mi lójú pé odò yẹn wà níbẹ̀, ẹ̀rín á gbà mí. Mo máa ń sọ fún un pé èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, ó dé ìgbáròkó.