Atọ́mọyanjú Lọ Sílé Oúnjẹ

Ọkùnrin kan wà, télọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ aṣọ rán dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá wọn ṣòkòtò lásán gbọ́dọ̀ gbọ́ bó ṣe tọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ni ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Atọ́mọyanjú. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe; òun rò pé oríkì ni!

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tó bá kó ọmọ ìsinsìnyí lọ sílé oúnjẹ, ìtìjú ló kó lọ. Télọ̀ fò dìde.

"Kì í ṣe àwọn ọmọ tèmi, Ẹ̀gbọ́n! Sátidé yìí, èmi ni màá gbé yín jáde. Tí wọ́n bá dójú tì mí, ẹ má pè mí lọ́kọ àbúrò yín mọ́!"

Ilé di bárékè ṣọ́jà. Àwo òfìfo ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ jíjẹ.

"Ẹ ò gbọdọ̀ pariwo! Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ bá wà lẹ́nu! 'Ẹ jọ̀ọ́' ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ!"

Sátidé pé, wọ́n dé ilé oúnjẹ. Aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ bo gbogbo tábìlì. Àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ gbé omi wá, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Ẹ̀gbọ́n mirí pé wọ́n káre. Orí télọ̀ wú, ló bá pàtẹ́wọ́ gbàgà sí ọmọbìnrin náà!

"Ìwọ ọmọ yìí! Oúnjẹ wa dà? Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ìrẹsì ọ̀hún ni?"

Gbogbo ilé yíjú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dádì, 'ẹ jọ̀ọ́' ńkọ́?"

"Dákẹ́! Àgbà kì í bẹ oúnjẹ!"

Oúnjẹ dé. Télọ̀ fi ìrẹsì kún ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "Ẹ̀gbọ́n, ìwà lẹwà, àmọ́ ìwà nídìí oúnjẹ—" Fìrì! Ìrẹsì fò, ó lẹ̀ mọ́ dígí ojú Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó télọ̀ ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó kó sí i.

"Dádì, ẹ kọ́kọ́ gbé e mì," ọmọkùnrin rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Télọ̀ sáré wá aṣọ ìnuwọ́. Ó rí etí aṣọ funfun lórí itan rẹ̀, ló bá fà á tagbára-tagbára kó lè fi bá Ẹ̀gbọ́n nu dígí. Yéè! Aṣọ orí tábìlì ni! Àwo, ọbẹ̀, omi, gbogbo wọn ya lù ú lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó jọ pé tirẹ̀, ó gbàgbé ẹ̀ sílé.

Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa ṣíbí. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká bá yín gbá a."

Ìyá tó ni ilé oúnjẹ jáde sí wọn. "Ta ló tọ́ irú àwọn ọmọ báyìí?"

Télọ̀ gbéra ńlẹ̀ tọbẹ̀tọbẹ̀, ó gbáyà, ó lanu. Ìyá ti kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn méjì yìí ti mọ̀wà hù." Ó wo télọ̀ tòkè-tilẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kẹta yìí sú yín. Àwọn ọmọ mìíì kì í tètè gbọ́n."