Bàbá Mo-mọbẹ̀ Kọjá Ibodè

Àìsàn kan wà tí ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀ pé ara òun kò yá. Àwọn tó ń gbé tì í ni orí máa ń fọ́. Irú rẹ̀ ló ń ṣe Bàbá Mo-mọbẹ̀. Kò sí ìlú tí ẹ máa dárúkọ létí ọkùnrin yìí tí kò ní fi ọwọ́ lu àyà pé, "Mo mọbẹ̀!" Bí ẹ bá ní ọ̀run, á bi yín pé apá ọ̀tún ni àbí apá òsì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Bàbá kì í purọ́ lásán. Irọ́ tirẹ̀ ní ìpìlẹ̀, ó ní òrùlé, ó sì ní fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sídìí tábìlì kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń ṣa lẹ́tà tó ti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá wá: ti àdúgbò yìí síhìn-ín, ti àdúgbò yẹn sọ́hùn-ún. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ka àdírẹ́sì ẹ̀yìn àpò ìwé títí tí òpópónà ìlú onílùú fi há sí i lórí ju orúkọ àwọn àna rẹ̀ lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àdírẹ́sì wọ̀nyí wá di ìrìn àjò ojoojúmọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún..." ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí onígbàjámọ̀ á sì dá abẹ dúró kó má baà gé etí oníbàárà níbi tó ti ń gbọ́ ìtàn.

Àṣé ẹni tó ń gbọ́ jù wà nílé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan.

"Bàbá mi, mo ti ṣètò ìrìn àjò afẹ́ fún ẹ̀yin àti màmá mi. Orílẹ̀-èdè méjì tó múlé gbè wá. Mọ́tò tiyín lọ́tọ̀, awakọ̀ tiyín lọ́tọ̀, amọ̀nà tiyín lọ́tọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì péré!"

Bàbá gbé fóònù sí etí kejì. "Ọmọ mi, ibi tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Jẹ́ ká fún ẹlòmíràn láǹfààní."

"Torí pé ẹ mọbẹ̀ gan-an ni, bàbá mi! Ẹ ó máa fi gbogbo rẹ̀ han màmá mi."

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Bàbá kò tilẹ̀ jìnnà: ibodè ni wọ́n ti pàdé.

Amọ̀nà wọn, obìnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, tó fi ojú jọ olùkọ́ tó ti rí oríṣiríṣi ọmọ, kó ìwé ìrìnnà wọn fún aṣọ́bodè. Aṣọ́bodè, tó gbọ́ èdè wa díẹ̀, gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí?"

Ìbéèrè ìkíni lásán ni. Ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́yìn, ó ti na etí. Bàbá rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà.

"Ìgbà àkọ́kọ́ kẹ̀? Ọmọ mi, wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí mo ti ń gba ibí kọjá!"

Òǹtẹ̀ dúró lókè. Aṣọ́bodè ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó funfun báláú bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Bàbá, ẹni tó bá ń gba ibí kọjá tí òǹtẹ̀ wa kò sí nínú ìwé rẹ̀, onífàyàwọ́ là ń pè é."

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni Bàbá lò nínú yàrá kékeré kan, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ fáànù tó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú un jáde: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí amọ̀nà sì jẹ́rìí sí i. Ló bá kọ ọ́: *Èmi tí orúkọ mi wà nísàlẹ̀ yìí, n kò dé orílẹ̀-èdè yìí rí, n kò sì dé òmíràn rí.* Ó kọ ọ́ wínníwínní. Aṣọ́bodè ní kó tún un kọ, kó jẹ́ gàdàgbà.

"Kí ni wọ́n ń bá yín sọ látàárọ̀?" Ìyá Aránṣọ bi í nígbà tó jáde.

"Ìwé àwọn àlejò pàtàkì ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí sínú rẹ̀."

Amọ̀nà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọwọ́ lu ọ̀rọ̀ ìrántí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

Bó bá ṣe ẹlòmíràn, á ti kọ́gbọ́n. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò tiwa ní ẹnu pẹ̀lú, kò sì fi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi tàdáwà pupa tẹ̀ sára ẹrù tó bá ti ọ̀hún wá. Bàbá kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó ti rí ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì ti pinnu pé ìkíni ni. Kí ló tún lè jẹ́? Ta ni yóò kọ ohun tí kì í ṣe ìkíni gàdàgbà-gadagba síwájú gbogbo nǹkan? Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á ka ìkíni náà sókè tọ̀yàyàtọ̀yàyà, á sì ju ẹrù náà sórí àwọn yòókù. Ẹ wá mọ ìdí tí àwo tí àwọn aládùúgbò wa ń fi ránṣẹ́ kì í fi í dé ní odindi.

Nígbà tí wọ́n wọ òtẹ́ẹ̀lì, kí amọ̀nà tó la ẹnu, Bàbá ti lọ bá obìnrin tó ń gba àlejò. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó tẹ orí ba, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó sáré tẹ aago. Ọkùnrin méjì sígbọnlẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan di apá ọ̀tún Bàbá mú, èkejì di ti òsì, wọ́n gbé e nílẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n rọra ń gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin. Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ìrọ̀rí mẹ́fà! Wọ́n gbé oúnjẹ tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata, tí kò ní ohun tí eyín lè bá jà wá fún un.

"Ìyá Aránṣọ," Bàbá wí láàárín ìrọ̀rí, "ṣé o rí bí wọ́n ṣe dá mi mọ̀?"

"Mo rí i," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Ojú rẹ̀ kò wo ojú ọkọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Òtẹ́ẹ̀lì ti fi fóònù ránṣẹ́ ṣáájú: àga onítáyà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wò ó, ó rò pé ìjókòó ìjòyè ni, ó gbá aṣọ rẹ̀ jọ, ó jókòó. Wọ́n ń tì í kiri láàárín ère àti ìkòkò àtijọ́. Àwọn èèyàn ń yà fún un. Arúgbó kan tó ju ìyá rẹ̀ lọ dì í lọ́wọ́ mú, omi sì lé lójú rẹ̀.

"Bàbá," amọ̀nà gbìyànjú, "ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní òtẹ́ẹ̀lì lánàá yẹn..."

"Ọmọ mi, èdè ò le. Ẹnu ló ń fẹ́."

Ló bá di pé amọ̀nà fa Ìyá Aránṣọ sẹ́yìn òpó kan. "Ìyá, ohun tí Bàbá ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé, 'Ó lè fọ́. Ẹ rọra gbé e.'"

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

"Ṣé ká sọ fún wọn?" amọ̀nà bi í.

"Rárá o. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú àga yẹn. Ó kéré tán, a mọ ibi tó wà."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kọjá sí orílẹ̀-èdè kejì, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Inú mọ́tò ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ ń jẹ́ Ojúlé Kìíní. Nígbà tó ń ṣa lẹ́tà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí lẹ́tà má ti ibẹ̀ wá, gbogbo rẹ̀ nípọn, gbogbo rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ìyàwó, ìyá àti ọmọ. Ilé tó ń kọ tó báyìí sí ẹbí, ilé ọlọ́lá ni!

"Mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ rí," ó wí. "Ẹni tó bá wọbẹ̀ kì í tètè jáde."

Amọ̀nà yíjú padà. "Bàbá, Ojúlé Kìíní? Kò sí nínú ètò wa o."

"Ẹ ń fi ibi tó dára jù pamọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé Ojúlé Kìíní yẹn, ọgbà kọ́ ni ó túmọ̀ sí?"

"Ọgbà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ọgbà ọ̀hún—"

"Ó tó! Ọgbà ni mo wí, ọgbà náà lẹ wí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nígbà tí amọ̀nà lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, Bàbá mú ìyàwó rẹ̀ bọ́ sínú takisí, ó sì na àdírẹ́sì tó kọ sí awakọ̀. Awakọ̀ kà á. Ó pa rédíò rẹ̀. Ó ń fi àánú wò wọ́n nínú dígí títí wọ́n fi dé.

Ògiri gíga ni, wáyà ẹlẹ́gùn-ún sì yí orí rẹ̀ ká.

"Ṣé o rí i?" Bàbá wí. "Ọlọ́lá kì í fi ohun ìní rẹ̀ ṣeré."

Ọkùnrin kan tó wọ kákí jáde lẹ́nu géètì, kọ́kọ́rọ́ so mọ́ ìgbànú rẹ̀ jìngbìnnì. Orí ṣe é, ó gbọ́ èdè wa. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀. Ta lẹ wá wò?"

"A ò wá wo ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ti gbébí rí."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ ti gbébí rí. Ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Wọ́n tọ́jú mi gan-an."

"Ìgbà tó pé ni wọ́n fi yín sílẹ̀?"

"Fi mí sílẹ̀ kẹ̀!" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọn ò fẹ́ kí n lọ. Èmi ni mo rí i pé ó tó gẹ́ẹ́, mo yọ́ jáde láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó jí."

Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì ṣí. Ọwọ́ méjì jáde. Bàbá wọlé. Ilẹ̀kùn tì. Ìyá Aránṣọ nìkan ló kù níta pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

Nínú lọ́hùn-ún, wọ́n fi Bàbá ti ògiri, wọ́n wọn bó ṣe ga tó. Wọ́n ti ìka rẹ̀ bọ inú tàdáwà. Ó ṣì ń rò pé báyìí ni wọ́n ṣe ń gba àlejò, títí ojú rẹ̀ fi kọjá fèrèsé: ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wọ aṣọ kan náà tò lọ gbọọrọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yé e. Ọgbà ni lóòótọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé ńkọ́?

"Ìyàwó mi!" Ó fi igbe ta. "Ẹ bá mi pe ìyàwó mi!"

Wọ́n mú Ìyá Aránṣọ wọlé. Bàbá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì.

"Ìyá Aránṣọ, sọ fún wọn! Sọ fún wọn pé òpùrọ́ ni mí!"

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Òpùrọ́ kẹ̀? Ọkọ tèmi? Ṣebí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ lò níbí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Wọ́dà oníkákí náà gbé bírò.

"Irọ́ ni! N kò débí rí! N kò dé ibì kankan rí!"

"Ilé ọba tí ẹ ti jẹun ńkọ́?"

"Irọ́ ni!"

"Ọkọ̀ ojú omi tó rì, tí ẹ gbé èèyàn méje jáde?"

"N kò mọ odò wẹ̀!"

"Èyí tí ẹ sọ fún bàbá mi ńkọ́, kí wọ́n tó fi mí fún yín, pé ẹsẹ̀ yín ti tẹ orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án?"

Wọ́dà dá bírò dúró. Bàbá gbé ojú sókè láti ilẹ̀, omi sì ti kún un.

"Ìyá Aránṣọ, òfo ni. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá ní akọ̀wé lásán ni mí, wọn ò ní fún mi."

Ìyá Aránṣọ tún gbé báàgì rẹ̀.

"Ọ̀gá mi," ó sọ fún wọ́dà, "ẹ bá mi tú u sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkùnrin yìí sùn níta ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbodè. Mo gbọ́ pé ó kọ ọ̀rọ̀ ìrántí dáadáa síbẹ̀."

Ó ti mọ̀! Bàbá tún dojú bolẹ̀.

Wọ́dà fi bírò họ irun. "Ohun tí kò yé mi ni bí ẹ ṣe mọ àdírẹ́sì wa. Torí kí ojú má ti ẹbí àwọn tó wà níbí la fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ká má dárúkọ ẹ̀wọ̀n. Iṣẹ́ wo lẹ ṣe, Bàbá?"

"Ilé ìfìwéránṣẹ́," Bàbá dáhùn láti ilẹ̀. "Èmi ni mò ń ṣa lẹ́tà."

Wọ́dà ju bírò sílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ gbẹ, ó kọjú sí yàrá inú, ó sì ké sí ẹnì kejì rẹ̀:

"Má wulẹ̀ wá fáìlì rẹ̀ mọ́! Aṣalẹ́tà ni. Ìkarùn-ún wọn lọ́dún yìí nìyí!"

Ohùn kan dáhùn láti inú:

"Ṣé ìyàwó tirẹ̀ gbà láti mú un lọ, àbí kí n bu oúnjẹ ọ̀sán fún un bíi ti ẹni ìjẹta yẹn?"