Ìpara Ìbejì

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Àlàájà Àpọ́nlé ní Ilo-Awela, Pamílẹ́rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti yunifásítì, gbé rúlà lé orí àwọn ìbejì ọmọ ọmọ Àlàájà, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Ìyá àwọn ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Sángo, nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà ni wọ́n wà. Láti ọdún tó kọjá ni irun wọn ti ń re róbótó róbótó, débi pé ní ilé kéwú, àwọn ọmọ a máa fa ìbòrí wọn kí wọ́n lè wòran.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Pamílẹ́rìn gbé ike ìpara méjì wá, ọlọ́mọrí búlúù fún Táíwò, ọlọ́mọrí gíríìnì fún Kẹ́hìndé. Ó ní oògùn wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì, òun gan-an ò sì mọ èyí tó jẹ́. Ó tún ní ẹni tó bá ṣe é yàtọ̀ sí bí òun ṣe wí, òun á gba ìpara òun padà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ló dúró sọ́kàn Àlàájà jù. Lónìí, ike tuntun méjì ti wà lórí tábìlì, kò sì fẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀.

Pamílẹ́rìn ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré níta.

"Màmá, irun ti hù."

"Alhamdulillahi."

"Ó hù lórí Táíwò."

"Ọpẹ́ ni."

"Ó sì hù lórí Kẹ́hìndé."

"Ìbejì kúkú ni wọ́n."

"Kò yé yín, Màmá. Kò yẹ kó hù lórí àwọn méjèèjì."

Àlàájà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ṣé kí n bẹ Ọlọ́run kó gba ti ọ̀kan padà ni?"

"Bí sáyẹ́ǹsì ṣe rí nìyẹn. Ọ̀kan á hu irun, èkejì á wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́."

"Ẹ mà fẹ́ràn ọmọ o, dókítà."

"Mi ò tíì di dókítà, Màmá. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi dì í. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó fi bírò gbá eyín títí, lójijì ojú rẹ̀ là.

"Mo ti rí i. Ìpara lásán náà ń hu irun."

"Báwo?"

"Ilé mẹ́fà ni mo gbé ìpara fún, ní Àtàn, ní Ìjù, àti níbí. Ìbejì ni gbogbo wọn. Orí méjìlá, gbogbo rẹ̀ ló hù bákan náà. Oògùn ò sàn ju lásán lọ nìyẹn. Bí màá ṣe kọ ọ́ nìyẹn, wọn ò sì ní ṣe oògùn náà mọ́."

"Wọn ò ní ṣe é mọ́ kẹ̀?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Olúwa ló ṣí mi lójú."

Ọkàn Àlàájà dàrú. Bó bá panu mọ́, oògùn tó hu irun àwọn ọmọ rẹ̀ á pòórá. Bó bá sọ̀rọ̀, ike méjì yìí á kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀rù bà á, inú sì ń bí i pé ọmọ tó lè bí ló ń dẹ́rù ba òun.

"Dókítà, ẹ má tíì kọ ọ́."

"Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì."

"Ẹ pa ìdajì yẹn rẹ́. Mo pò ó pọ̀ ni."

"Ẹ po kí ni pọ̀?"

"Búlúù àti gíríìnì. Mo dà wọ́n sínú abọ́ kan, mo fi ìdí ṣíbí pò ó, mo wá ń pín in."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Pamílẹ́rìn.

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ ò tíì dé títì lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wá."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàlàyé fún yín."

"Ẹ ṣàlàyé. Ẹ ní kí n fún Táíwò ní nǹkan, kí n fún Kẹ́hìndé ní òfo, tàbí kí n yí i padà. Mo ń wò yín, mo ní bóyá ẹ ò tíì jẹun ni. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbejì?"

Pamílẹ́rìn nawọ́ sí àwọn ike. Àlàájà gbé àlùmọ́gàjí lé wọn lórí.

"Ó dáa," ni Pamílẹ́rìn wí. "Ilé kan ló bàjẹ́, ó ku márùn-ún. Ti Rose ní Ìjù ṣì wà. Ìyàwó olórí akọrin ni, ó máa ń tẹ̀lé ìlànà."

"Rose gbàdúrà sí tirẹ̀ kó tó pò ó."

"Àwọn ti Àtàn ńkọ́?"

"Ẹgbẹ́ ìyá ìbejì kan náà ni gbogbo wa. A fẹnu kò sí i nípàdé."

"Gbogbo yín wá ń wò mí, tí mo ń wọn orí kiri?"

"Ẹ ò bi wá. Orí lẹ ń wọ̀n, ẹ ò wo inú abọ́."

Pamílẹ́rìn yọ àpòòwé kan tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ ike tí oògùn wà sínú rẹ̀, ó ya á, nítorí kò sóhun tó ń pa mọ́ mọ́.

"Búlúù loògùn wà. Òrí lásán ló wà nínú gíríìnì."

"Òrí. Kí n máa fi òrí pa orí ọmọ mi fún oṣù mẹ́ta, kó máa pá lọ, kí ẹ lè di dókítà."

"Màmá, bí ò bá sẹ́ni tó gba lásán, kò sẹ́ni tó máa gbà pé oògùn náà dáa. Àwọn ọmọ míì ni mò ń rò."

"Ìyẹn yé mi. Ìbejì ni mo ní kí ẹ má fi ṣe é."

"Ta ni kí n wá fi ṣe é? Ta ló máa gba lásán tí ò ní bínú?"

"Ìdòwú. Ẹ̀yìn ìbejì ni wọ́n ń dé, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n á janpata díẹ̀, wọ́n á gbà á."

Pamílẹ́rìn wolẹ̀.

"Màmá, Ìdòwú lèmi gan-an."

Àlàájà wo iwájú orí rẹ̀, níbi tí irun ti ń sún sẹ́yìn. Ó fa ike búlúù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti gíríìnì sí i.

"Ó hàn lórí yín. Ẹ gba tiyín."