Ìkéde Lórí Àwọn Ìbọ̀sẹ̀ Kérésì Tó Bo Ògiri Ààfin Òkè-Ìrókò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrókò, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó wà nídìí ààrò, kí ó fa igi iná sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó ń rán aṣọ Kérésì, kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí ni, Onírókò ti Òkè-Ìrókò, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n óò ṣe sọ ọ́. Ibi tí kò bá dá mi lójú, n óò sọ pé kò dá mi lójú.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ni o! Mo tún un sọ: ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ni!

Gbogbo wa la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tàbí kí n sọ pé ọ̀pọ̀ wa wà níbẹ̀, nítorí n kò ka orí. Olorì Móradéun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó dé ni. Ó ti sọ fún Kábíyèsí pé lọ́hùn-ún, bí Kérésì bá ku ọ̀la, àwọn ọmọdé a máa so ìbọ̀sẹ̀ kọ́ sára ògiri, wọn a sì bá ẹ̀bùn nínú rẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Kábíyèsí lára. Ó dìde níwájú ìjọ, ó ní ọmọdé ìlú yìí tó bá so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ògiri ààfin, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ní ṣófo. A pàtẹ́wọ́. Alága ìkórè nu omijé, tàbí òógùn ni. Ibi tí mo jókòó sí jìnnà.

Ààfin wá ṣètò ìnáwó. Wọ́n rò ó pé ọmọ tó ní ìbọ̀sẹ̀ kò lè pọ̀ nílùú tí bàtà gan-an ń dúró de ọjọ́ Ìsinmi kó tó rí ẹsẹ̀. Wọ́n ra páálí súìtì méjì, páálí bisikíìtì kan, àti bàlóònù. Wọ́n ní yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù fún àwọn ìjòyè.

Kò tó o!

Ohun tí ààfin gbàgbé ni àṣà wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní Òkè-Ìrókò, bí a bá ń pín nǹkan, ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ bá wà láàyè, àárín àwọn ọmọdé la ti ń kà á, ìbáà ti hu ewú dé àyà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ẹran. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín obì. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lánàá, ìbọ̀sẹ̀ ti bo ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Akọ̀wé ààfin kà á. Ó ṣì í kà. Ó tún un kà. Iye kejì tó pè fún mi kò bá ti àkọ́kọ́ mu, nítorí náà n kò ní pe ọ̀kankan fún yín. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ jòjòló wà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tó gùn dé orúnkún wà níbẹ̀. Ti ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Ẹnìkan so àpò ìrẹsì kọ́, ó sì fi ẹfun kọ "ìbọ̀sẹ̀" sí i lára.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọba kì í sọ̀rọ̀ tán kó tún kó o jẹ. Bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo bá ṣófo láàárọ̀ Kérésì, ojú yóò ti Kábíyèsí níwájú àwọn ọmọdé, ìtìjú tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé, orin ni wọn yóò fi kọ títí Kérésì mìíràn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń sá fún nìyẹn. Wọ́n wá pàṣẹ báyìí.

Àṣẹ kìíní! Ìbọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ọrùn ẹsẹ̀ ọmọdé ni o, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Èyí tó bá ga jù, wọn yóò gé e, wọn yóò sì fi ìyókù nu àwo ààfin.

Àṣẹ kejì! Àpò ìrẹsì kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀. Mo tún un sọ: àpò ìrẹsì kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀! Ẹni tó so ó mọ ara rẹ̀. Kò ní jẹ itan adìyẹ lọ́dún yìí. Ọrùn ni yóò jẹ.

Àṣẹ kẹta! Ọmọ kan, ìbọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó so méjì nítorí pé ẹsẹ̀ méjì ni Ọlọ́run fún un, kí ó wá mú ọ̀kan lọ. Bí kò bá mú un, ẹsẹ̀ kan ni yóò fi jó lọ́jọ́ Kérésì, ìjòyè kan yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Àṣẹ kẹrin! Ẹni tó bá ti hu irùngbọ̀n kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Àṣẹ yìí yí padà kí n tó kúrò láàfin.

Ẹ mọ Bàbá Adéníji, bíríkìlà tí orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ wà lára ògiri. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Ìyá àgbà Àwẹ̀ró, gbọ́ irú àṣẹ tí wọ́n fẹ́ pa, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kadà gbé òun lọ sáàfin. Ọ̀tún fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé ètò ìnáwó kò gbé e, àti pé ọmọ tí à ń wí yìí ti ní ọmọ-ọmọ. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Kábíyèsí ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Kábíyèsí, bí ẹ bá ní Adéníji kì í ṣe ọmọdé mọ́, ẹ ti ní mo kú nìyẹn. Ta ló sin mí?"

Ọ̀tún ń wo àjà. Akọ̀wé fi gègé fa ìlà gba àárín àṣẹ kẹrin kọjá, láì dúró kí ẹnikẹ́ni rán an.

Àṣẹ kẹrin, bó ṣe wà báyìí! Ẹni tí òbí rẹ̀ bá wà láàyè, ọmọdé ni. Òbí rẹ̀ ni yóò sì fi nǹkan sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ààfin. Kábíyèsí ní kò ní ṣófo. Kò sọ ẹni tí yóò fi nǹkan sí i. Kí olúkúlùkù ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹ̀pà wà. Àádùn wà. Òbí tí kò bá rí nǹkan kan, kí ó ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ náà, kí ó súre sí i, kí ó sì so ó padà.

Láti ìgbà náà, àwọn bàbá onírùngbọ̀n kan ti yọ́ wá mú ìbọ̀sẹ̀ wọn, nítorí wọn kò lè wo ojú ìyá wọn. Bàbá Adéníji kò mú tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti rọ ẹ̀pà sínú rẹ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Àṣẹ karùn-ún! Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló pa èyí, kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní ìyá, tí kò sì ní bàbá, ọba ni òbí rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ yóò kún dé ẹnu. Ẹni tó bá jí súìtì kan nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ìjòyè, yóò fi ṣíbí gbá ojú ọjà títí yóò fi mọ́. Gbogbo ìgbìmọ̀ ní ó dára. Wọ́n ka àwọn ọmọ aláìlóbìí ìlú, wọ́n rí i pé páálí méjì náà yóò tó. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Nítorí pé n kò fẹ́ kéde àṣìṣe, mo bi akọ̀wé bóyá wọ́n kọ ọjọ́ orí sí àṣẹ karùn-ún. Ó wò ó. Wọn kò kọ ọ́. Mo ní ṣé ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ti sin ìyá, tó ti sin bàbá, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Akọ̀wé pa ìwé náà dé. Ó ní òǹtẹ̀ ọba ti wà lórí rẹ̀, kí n lọ kéde rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Mo ti kéde rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o!

Bí mo ṣe ń jáde, mo kọjá lára Ọ̀tún, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ó jókòó sórí àga, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ọba ló rán mi, agogo ló jẹ́rìí mi. Ẹni tó gbọ́, kí ó sọ fún ẹni tó wà lóko. Kí ẹnikẹ́ni má fi kún un, kí ẹnikẹ́ni má yọ níbẹ̀. Mo ń lọ sí àdúgbò tó kù o!