Akọrin Ò Tíì Wọlé

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi tẹ dùùrù ní gbọ̀ngàn orin, irú orin tí wọ́n máa ń wọ kóòtù dúdú kọ, tí ẹnikẹ́ni kì í jó sí. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni mo fi í sílẹ̀, mo ní ìwé ni mo fẹ́ máa kọ. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jókòó ti tàípúráítà mi, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mò ń wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, ṣílẹ̀kùn wọlé láì kànkùn, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìka!"

(Bí wọ́n ṣe ń pè mí nílé nìyẹn. Ìka ọwọ́ ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn mìíràn pè é.)

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀ pé n kì í jẹ́ ìkíni yẹn. 'Ẹ kú iṣẹ́' ni kí o kí mi."

(Òótọ́ ni. Ó ti tó ogójì ọdún. Bí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, 'Ẹ kú iṣẹ́' náà la máa ń kí i.)

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí."

"Ìyàwó rẹ ló pè mí láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní o máa ń tẹríba fún kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó tó jáde nílé láàárọ̀ yìí."

"Tí mo bá parí ojú ìwé kan ni. Ó ti mọ́ mi lára. Tí èèyàn bá tẹ dùùrù tán, á dìde, á tẹríba."

"Kọ́bọ́ọ̀dù náà pàtẹ́wọ́?"

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ dún díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì.

"Ẹsẹ̀ rẹ ń tẹ kí ni níbẹ̀? Mo ṣe bí èmi nìkan ni mò ń fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ìdílé yìí."

"Dùùrù ní ibì kan tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀ kí ohùn lè pẹ́ nílẹ̀. Tí mo bá kọ gbólóhùn tó dùn báyìí, ẹsẹ̀ mi á kàn tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀."

"Gbólóhùn náà wá pẹ́ nílẹ̀?"

"Bàtà mi ló ń lu ilẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti wá fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó mà ṣe o! Ìwé wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yìí?"

"Olóòtú ilé ìtẹ̀wé ló kọ ọ́ sí mi. Ẹ má kà á, Àǹtí."

Ó ti ń kà á. Ó nà án jìnnà sójú bí ẹni tó fẹ́ ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́.

"'A ti ka orí kìíní ìwé yín. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ mú òmíràn tó ní èèyàn nínú wá kí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, nítorí ọjọ́ náà la ó yan ìwé tí a ó tẹ̀ lọ́dún yìí.' Òní kọ́ ni Ẹtì?"

"Òní ni."

"Tí o ò bá wá rí nǹkan kan mú lọ ńkọ́?"

"Màá padà lọ bẹ̀ wọ́n ní gbọ̀ngàn orin."

"Wọ́n á gbà ọ́?"

"Wọ́n ti gba ẹlòmíràn sídìí dùùrù. Ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ni. Àyè tó ṣẹ́ kù ni ti ẹni tó máa jókòó tì í, tí á máa bá a ṣí ìwé orin."

"Kí ọmọ tí o kọ́ máa mi orí sí ọ pé kí o ṣí ìwé?"

"Ọmọ dáadáa ni, Àǹtí. Á máa mi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

"O tẹ̀ ẹ́ títí lọ́dún mẹ́tàlélógún, o ò tẹ́. Ó wá di ọjọ́ ogbó kí o tó tẹ́? Gbé orí kìíní yẹn fún mi!"

Mo gbé e fún un. Ó fi ìdí lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó tú u.

"'Òjò ń rọ̀.' Ó dáa. 'Òjò ń rọ̀ sójú fèrèsé.' A ti gbọ́. 'Kọ́tìnì mì. Àga kan wà níwájú kọ́tìnì. Kọ́tìnì tún mì.' Ta ló wà nínú yàrá?"

"Kò tíì sẹ́nì kankan."

Ó ṣí ojú ìwé bíi mélòó kan pọ̀.

"Ojú ìwé kọkànlá, òjò ò tíì dá! Àga yẹn ṣì dá wà síbẹ̀. Ṣé òun ló máa gbéyàwó ni, àbí òun ló máa kú?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Dùùrù ló máa ń ṣáájú díẹ̀, kí akọrin tó wọlé."

"Akọrin wo? Ṣé ìwé orin lò ń kọ ni?"

"Rárá, ìtàn ni."

"Kí wá ni akọrin ń wá níbẹ̀?"

"Kò sí akọrin, Àǹtí! Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Gbogbo ọdún yẹn, ẹlòmíràn ni mò ń tẹ̀ lé. Tó bá sáré, mo sáré. Tó bá fà á, mo fà á. Tó bá gbàgbé, mo bò ó láṣìírí. Ní báyìí, mo ti rọ òjò, mo ti gbé àga kalẹ̀, mo gbójú sókè, mo mi orí pé kó wọlé..."

"Sí ta?"

"Sí kọ́bọ́ọ̀dù."

Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀.

"O rán kọ́là, o rán apá, o rán àpò mẹ́rin, o ò wọn ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ wọ aṣọ náà?"

"Èmi náà ò mọ̀."

"Fi ara rẹ sínú rẹ̀!"

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé kejìlá."

"'Ọkùnrin kan wọlé, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lójú.' Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Òjò tún bẹ̀rẹ̀."

"Ìwà rẹ nìyẹn! Tí wọ́n bá lẹ ìwé ìpolówó yín mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, orúkọ akọrin á fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tìẹ á wà nísàlẹ̀ bí eèrà. Awò ojú ìyá ọkọ mi ni mo máa ń yá kí n tó rí ọ. Ti ọdún tó kọjá, àwọn tó yá wọn ní àga ló ṣáájú rẹ!"

"Àwọn àga yẹn dáa, Àǹtí."

"Pa ẹnu rẹ dé." Ó tú okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ìka. "Ẹ̀bi rẹ kọ́. Ẹ̀bi mi ni. Ṣé o rántí ọjọ́ àṣeyẹ ìparí ọdún nílé ẹ̀kọ́ wa?"

"Mi ò rántí." (Irọ́ ni. Mo rántí bí àná.)

"Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìwọ mẹ́sàn-án. Èmi ni mo fẹ́ kọrin, ìwọ lo fẹ́ tẹ dùùrù. Bàbá wa gbàyè níbi iṣẹ́ torí ẹ̀. Ìyá wa dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síwájú pátápátá. O tẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn o, n ò ní purọ́. O mi orí sí mi. Mo la ẹnu..."

Ó dákẹ́. Nǹkan kan tó ti ń dún wẹ́rẹ́ nínú yàrá náà dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

"Òfo. O yára padà, o tún tẹ ìbẹ̀rẹ̀. O mi orí. Mo la ẹnu. O tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, Ìka! Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ̀ mí, ara ò rọ ìwọ náà. Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ìyá wa ti ń bá mi la ẹnu níbi tó jókòó sí. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, mo gba ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo sáré délé, n ò sì kọrin mọ́ títí dòní. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa ni mo lọ jókòó tì. Ariwo rẹ̀ pọ̀, mo sì ń fẹ́ ariwo nígbà náà."

"Mo rò pé tí mo bá dá a dúró, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ti gbàgbé."

"Wọ́n ti mọ̀ láti ẹlẹ́ẹ̀kejì! Ṣé o sì mọ ọ̀rọ̀ tí mo gbàgbé? 'Ẹ káàárọ̀ o.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi kí èèyàn bí ogójì kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ó... Kí ló ń dún yẹn?"

"Kí lẹ gbọ́?"

"Mo..."

*Tá.*

"Mo ní..."

*Tá-tá.*

"Mo-ní-kí-lò-ń-tẹ̀-níbẹ̀-yẹn!"

Ìka mi sáré tẹ̀ lé e dé òpin, agogo tàípúráítà dún gbọin.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ wọlé. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀."

Ó já ìwé náà gbà. Ó kà á láì gbé ohùn sókè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"O kọ ọ́ pé mo sá?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Kọ pé inú ló ń run mí."

"Tí inú bá ń run yín, kò ní dùn mọ́."

"Inú mi?"

"Ìtàn náà."

"Kí gbogbo ayé wá kà á? Kí àwọn oníbàárà mi máa wọn aṣọ, kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

Mo wo aago, mo wo ojú rẹ̀.

"Àǹtí, tí ẹ bá ní kí n fà á ya, màá fà á ya. Màá lọ máa ṣí ìwé fún ọmọ náà. Ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu mi."

Ó ká okùn ìwọnṣọ tán, ó tú u, ó tún un ká. Ó ṣe mí bíi kí n mi orí sí i. Mo rántí, mo fi ọwọ́ di ọrùn mi mú.

Ó gbé okùn náà padà sọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni kí o kọ. Má bù ú kù. Kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ya wèrè."

"Ẹ ṣé, Àǹtí mi! Ẹ ṣé gan-an!"

"Yọ òjò yẹn kúrò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Pátá! Fi kọ́tìnì sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbà sá."

"Àga ńkọ́?"

"Ìyá wa ló jókòó sí i."

Ó wá tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń tẹ̀ lé e. Ibi tó ti rẹ́rìn-ín, mo sáré. Ibi tó ti nu ojú, mo rọra. Nígbà tí a parí, mo tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́: orúkọ ẹ̀gbọ́n mi gàdàgbà lókè, bí ilẹ̀kùn, lábẹ́ rẹ̀, 'Àbúrò rẹ̀ ló tẹ dùùrù sí i.'

Ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí tìẹ. Dín in kù díẹ̀ sí i."

Mo dín in kù. Mo kó ìwé náà sínú àpò, mo ń wá bàtà mi kiri. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó la ẹnu. N ò mi orí sí i. Ohùn jáde, ó há díẹ̀, ó sì dùn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ oooo!"

Ó tẹríba. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dún díẹ̀. Omi ti kún ojú mi, ṣùgbọ́n mo ṣì wo aago.

"Àǹtí, aago kan ti kọjá. 'Ẹ káàsán' là ń kí báyìí."

"Ta ló dá mi dúró? Ṣé ìwọ kọ́ lò ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀ láti ogójì ọdún?"