Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Rírọ́ Lọ Ṣeré ní Daagbé

Ọjọ́ Àìkú kan wà tó jẹ́ pé ibi yòówù kí n wà, bí mo bá ti rántí rẹ̀, ojú á kọ́kọ́ tì mí, ẹ̀rín á sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń ṣe ní Ifangni níbí. Mo ti lé lógójì ọdún, mo bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti kọlẹ́ẹ̀jì ni mo ti fẹ́ràn hándìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí à ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wa kó ara wọn jọ pé káwọn máa ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Nítorí ìlera ni a sọ o.

Ìlera náà kò tíì pé oṣù méjì tí mo fi fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù, tí mo sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún rọ́. Kí n tó délé, ó ti wú bíi pé wọ́n ki ọsàn sábẹ́ awọ ara mi. Ọkọ mi, tíṣà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó gbé mi lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ kiné, àwọn tó ń fi ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe. Ohùn rẹ̀ kéré, ọwọ́ rẹ̀ le bí irin. Ó ní egungun ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣan tó so oríkèé náà pọ̀ ti ya díẹ̀, kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí n kọ́kọ́ sinmi, kí n wá máa dìde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí n máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí n máa rìn kíákíá, kí n tó wá sáré. Ọjọ́ tí mo bá lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò nígbà ọgbọ̀n láìsí ìrora ni kí n tó ronú kan pápá.

"Mama," ó ní, "tí ìrora bá lọ, kò túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ti san. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi nìkan ló gbọ́.

Nílé, ọkọ mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, bí ẹni ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún kíláàsì. Láàárọ̀, tó bá ti kírun tán, á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sókè, kó má bàa dà bíi pé èmi nìkan ni mo ń ṣe wèrè. Ó máa ń gbọ̀n jù mí lọ. Bí mo ṣe rí i pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ní kí n máa ṣe é níbi iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń wọn ìyá àgbà kan tó fẹ́ rán bùbá, mo gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, téèpù wà ní ìbàdí rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo yẹ̀. Mo di ìyá náà mú, àwa méjèèjì sì jọ jókòó sórí òkìtì aṣọ oníbàárà. Ó rọra bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń wọn bùbá láyé ìsinsìnyí nìyẹn.

Ó yẹ kí n fi ìyẹn gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìrora lọ. Àǹtí Filo, olórí ẹgbẹ́ wa, yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní àwọn ń lọ bá àwọn obìnrin Daagbé ṣeré lọ́jọ́ Àìkú, èèyàn ò sì pé. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ mi, ó ń mí kanlẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ti san pátápátá. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ko-Koumolou. Ó ní kí n lọ kí n bọ̀ ire, kí n má rìn jù.

Rọ́bà tí mo fi ń rán ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì ni mo fi di ọrùn ẹsẹ̀ mi. A wọ pápá ní Daagbé, mo wo ọ̀dọ̀ tábìlì tí wọ́n ti ń kọ góòlù sílẹ̀. Ọkọ mi ló jókòó síbẹ̀, bíìkì ìkọ̀wé lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ni tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pè é pé ẹni tó yẹ kó wá kọ góòlù kò ráàyè, kó jọ̀ọ́ wá ran àwọn lọ́wọ́.

Mo fa ṣíkáàfù bojú. Kí ni ṣíkáàfù fẹ́ ṣe fún ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé? Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó tẹrí ba, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Dípò kí n jáde, mo bá ara mi sọ ọ́ pé tí mo bá ju góòlù méjì, bóyá á dárí jì mí.

Mo gba bọ́ọ̀lù, mo sáré, mo fò. Bí mo ṣe balẹ̀, ẹsẹ̀ yẹ̀, rọ́bà já, èmi àti bọ́ọ̀lù àti aṣọ́lé Daagbé sì jọ wọ inú góòlù lọ. Àwọ̀n apẹja tó ti gbó ni wọ́n fi ṣe àwọ̀n ibẹ̀, òpó ọparun tó gbé e dúró sì wó lé wa lórí. A ń jà nínú rẹ̀ bí ẹja méjì. Aṣọ́lé náà ní kí n jọ̀ọ́ gbé ìgbọ̀nwọ́ mi kúrò lójú òun, èmi náà ní kó gbé orúnkún rẹ̀ kúrò níkùn mi. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fọn fèrè ní góòlù ni.

Ọkọ mi ló wá kúnlẹ̀ tì mí. Ó ń tú àwọ̀n náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi ní kókó kọ̀ọ̀kan, kò fà á.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Níbo?"

Mo fẹ́ nàka sí ẹsẹ̀, ẹkún ló jáde.

Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ti sọ̀rọ̀. "Ìyá Rọ́ṣídì, ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo ń rò. Nígbà tó rọ́, wọ́n ní kó sinmi, kò sinmi, oko ń dúró dè é. O mọ bó ṣe ń rìn títí tó fi kú. Mi ò fẹ́ tún máa wò ó lára tìẹ."

Mo gbé orí lé ẹ̀yìn rẹ̀ títí a fi dé Ifangni.

Kiné náà kò bínú. Ó kàn sọ fún mi pé tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n máa wá iṣẹ́ mìíràn tí kò gba kí èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi nu ògiri, ó sì tún kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà náà, bí ojú ìrán ṣe wọ́, ẹ má bi mí.

Nígbà tó di ọjọ́ fífò, ọkọ mi ń kà á fún mi. Mo dé orí méjìlélógún, nǹkan kan ta mí níbẹ̀. Ì bá rọrùn láti parí rẹ̀, ọkọ mi kò kúkú sí nínú ẹsẹ̀ mi tí á fi mọ̀. Mo dúró, mo ní ó dùn mí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa, a ó tún wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí méjìlélógún yẹn ju bí inú rẹ̀ ì bá ṣe dùn sí ọgbọ̀n lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀, mo padà sí pápá. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni kiné fún mi, iṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni mo ṣe. Àǹtí Filo ní kí n fi márùn-ún kún un, mo ní rárá, mo lọ jókòó. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: ara ló ń sọ ìgbà tó tó, kì í ṣe ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni, àti pé ẹni tó bá ń gbé ẹsẹ̀ sókè pẹ̀lú rẹ láàárọ̀, má ṣe purọ́ fún un. Nígbà tí eré parí, obìnrin kan tó wá wòran sọ fún mi pé ọ̀nà tó jìn lòun ti wá, nítorí wọ́n sọ fún òun pé mo máa ń wó góòlù, eré tòní ò sì dùn tó bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ sílé.